Ariwo Kì Í Ṣe Agbára: Ọ̀rọ̀ lórí Páìpù Èéfín àti Sàláńsà Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ tí àwa atúnkẹ̀kẹ́ṣe sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa

   

Ní ìpàdé ti ọdún tí ó kọjá, àwọn ìyá wa dìde, wọ́n sọ pé ariwo kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọkùnrin wa kò jẹ́ kí aláìsàn sùn, kò sì jẹ́ kí olùkọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn kan wí pé kí Ẹgbẹ́ bẹ Kábíyèsí kí a fi òfin de gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì pátápátá. Àwọn mìíràn dáhùn pé bí a bá fi òfin dè é, ta ni yóò máa gbé iṣu ti oko dé ọjà, ta ni yóò sì gbé aboyún dé ilé ìwòsàn ní òru? Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà. Nígbà náà ni Alága kọ ojú sí wa, tí ó ní: “Ẹ̀yin tí ẹ mọ inú ẹ́ńjìnnì, kí ni ẹ rí sọ sí i?” A bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún wa ní ọdún kan kí a lè wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọdún náà pé lónìí. Gbèsè ọ̀rọ̀ ni a wá san.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwa gan-an ni a dá ariwo náà sílẹ̀. Kò sí kẹ̀kẹ́ kan nínú èyí tí ẹ ń bú tí ó ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é wá pẹ̀lú irú igbe bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan yóò ra kẹ̀kẹ́, kò ní tí ì gùn ún tó oṣù kan kí ó tó gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa pé, “Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣí ohùn rẹ̀.” Àwa yóò tú sàláńsà rẹ̀, a ó fi ayùn irin gé ìdí rẹ̀, a ó fa irin oníhò tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, a ó sì gba owó iṣẹ́ wa. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni pé ojú ọ̀run fẹ́ ya, inú ọmọ náà a dùn, inú tiwa náà a sì dùn. Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, púpọ̀ nínú wa ni ó gbà tọkàntọkàn pé bí ohùn bá ti pọ̀ tó ni agbára ṣe pọ̀ tó. Ohun tí àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa ni, òun náà ni a sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá da eérú ni eérú í tọ̀. Eérú tí a dà ti ń fẹ́ padà sí wa lójú.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Yúróòpù, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere kò wọ́n wọn. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré tí a lè so mọ́ kẹ̀kẹ́. Àwọn ará Faransé gbé VeloSolex jáde fún títà ní 1946, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jókòó sórí táyà iwájú. Ní 1949, ilé iṣẹ́ Motobécane gbé Mobylette jáde. Ní 1950, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Cyclemaster tiwọn jáde, èyí tí gbogbo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú wíìlì ẹ̀yìn. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń ṣòwò lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu mọ Mobylette dáadáa, nítorí ó tàn kálẹ̀ ní Dahomey, ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin láti 1975.

Bíńtín ni àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Àyè tí písítìnì ń rìn nínú Cyclemaster àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bí 26 cc lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò kún ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Síbẹ̀ ó ń gbé àgbàlagbà lọ sí ibi iṣẹ́, ó sì ń gbé e bọ̀. Lóde òní, ilẹ̀ Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ológeere ti ń wá. Àwọn tí ń tà á a máa pè é ní 80 cc, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wọn sílíńdà irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù, 66 cc ni a ń bá níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ́ńjìnnì kékeré ni, agbára tí ó ní kò pọ̀ tó èyí tí a lè fi ṣòfò.

Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí ni à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù wọn. Irú èyí ni àwa mẹ́káníìkì ń pè ní two-stroke. Alùpùpù four-stroke, tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ní ilẹ̀kùn irin kéékèèké tí ń ṣí, tí ń pa dé, kí èéfín tó jáde àti kí epo titun tó wọlé. Two-stroke kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ihò bíi fèrèsé ni a gbẹ́ sí ara ògiri sílíńdà rẹ̀, písítìnì fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣí wọn, tí ó ń dí wọn, bí ó ti ń lọ sókè, tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ibí yìí ni ìṣòro wà. Nígbà tí fèrèsé epo titun bá ṣí, fèrèsé èéfín kò tí ì pa dé. Ó dà bí ilé tí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bí a ti ń gbá pàǹtí jáde ni àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì two-stroke oníkábúrétọ̀, epo tí ń jáde láìjóná báyìí lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Owó yín ni ó ń gba páìpù jáde.

Kí ni yóò dá àlejò náà dúró? Páìpù èéfín ni. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè tí ó sì kígbe, gbohùngbohùn yóò dá a lóhùn. Bákan náà ni ó rí nínú páìpù. Nígbà tí fèrèsé èéfín bá ṣí, èéfín tú jáde pẹ̀lú ìró, ìró náà sì ń sáré lọ nínú páìpù. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ìró ń sáré tó nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú èéfín gbígbóná, ó lè tó nǹkan bíi mítà 500. Bí ó bá kan ibi tí páìpù ti fẹ̀ lójijì, ohun tí yóò padà sí ẹ́ńjìnnì ni fífà, èyí tí ń fa ìyókù èéfín jáde. Bí ó bá kan ibi tí ó ti fún tàbí tí ó ti dí, ohun tí yóò padà ni títì, èyí tí ń ti epo titun tí ó fẹ́ sá lọ padà sínú sílíńdà kí fèrèsé tó pa dé. Nítorí náà, apá kan lára ẹ́ńjìnnì ni páìpù èéfín jẹ́. Ẹni tí ó bá gé e lulẹ̀ láìwọ̀n ti gé lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ní fèrèsé èéfín rẹ̀ ṣí fún ìdajì yíyí kan, a jẹ́ pé ó ṣí fún ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín àkókò kúkúrú yìí, ìró tí ń sáré mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá yóò rin mítà 2.5. Ṣùgbọ́n àlọ àti àbọ̀ ni. Nítorí náà, ibi tí yóò ti ṣẹ́rí padà gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé náà tó nǹkan bíi mítà 1.25. Bí ẹ́ńjìnnì kan náà bá ń yí nígbà 3,000 péré, mítà 2.5 ni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó. Ẹ ò rí i pé páìpù tí ó bá eré kan mu kò lè bá òmíràn mu? Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun ní páìpù tí ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà, ọjà ni ó fẹ́ tà.

Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn fún ayé jù lọ ni Walter Kaaden, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ìlú Zschopau, ní apá Ìlà-Oòrùn ilẹ̀ Jámánì, ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe alùpùpù MZ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 sí iwájú ni ó ti ń fi ara balẹ̀ ṣe páìpù oníkùn fún two-stroke eléré ìje: páìpù tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó yọ ikùn láàárín, tí ó sì tún fún ní ìdí. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rọ wo bí ìró ti ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú páìpù, ó wọ̀n ọ́n, ó sì tún un wọ̀n. Nígbà tí ó fi di 1961, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ó jẹ́ 125 cc péré ti ń mú agbára ẹṣin 25 jáde. Ní ọdún kan náà, Ernst Degner, ọ̀kan nínú àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún eré ìje, sá kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà ìdíje ní ilẹ̀ Sweden, ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ fún ilé iṣẹ́ Suzuki ní ilẹ̀ Japan. Ní 1962, òun fúnra rẹ̀ ni ó gun kẹ̀kẹ́ Suzuki tí ó fi gba ipò kìíní ní àgbáyé láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ 50 cc.

Ìdí méjì ni a fi sọ ìtàn yìí. Èkíní, Kaaden kò gé páìpù kí ó lè pariwo. Ó wọ̀n ọ́n kí ó lè ṣiṣẹ́. Èkejì, agbára tí ó rí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í ní okun àfi ìgbà tí ó bá ń sáré kíkankíkan, gíà rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀, a kò sì ṣe é kí ó pẹ́ láyé. Ó dára fún eré ìje. Ṣé eré ìje ni a ń fi iṣu dé ọjà?

Láàárín ọdún tí ẹ fún wa, àwa náà ṣe ìdánwò tiwa. A mú kẹ̀kẹ́ méjì tí irú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí ọjọ́ orí wọn kò sì jìnnà síra. Ọ̀kan ní sàláńsà rẹ̀ pé pérépéré. Èkejì, àwa ni a ti gé e láti ọjọ́ pípẹ́. A di iṣu tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba sí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, a sì gun òkè tí ó lọ sí ọjà. Èyí tí a gé ké títí gbogbo àdúgbò fi jáde wò wá, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ìdajì òkè, ó ti di títì. Èyí tí ó pé gun òkè náà dé orí láìsọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wa wí pé bóyá ẹ́ńjìnnì èkejì ni ó ti rẹ̀. Nítorí náà ni a fi tú sàláńsà méjèèjì, a pààrọ̀ wọn, a sì tún gun òkè náà. Kẹ̀kẹ́ tí ó gòkè lẹ́ẹ̀kíní ni ó dúró lẹ́ẹ̀kejì. A kò ní purọ́: ní ojú ọ̀nà títẹ́jú, láìsí ẹrù, nígbà tí a yí ọwọ́ dé òpin, èyí tí a gé fi díẹ̀ ṣíwájú. Ṣùgbọ́n epo tí a rọ sí i tètè tán ju ti èkejì lọ. Ohùn ni ó pọ̀, ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a to ohun tí ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ lè yàn ní ẹsẹẹsẹ, kí oníkálukú lè mọ èyí tí ó yẹ ẹ́.

Èkíní ni sàláńsà tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá. Agolo irin ni. Nínú rẹ̀ ni irin oníhò wà, tí èéfín ń gba inú ihò rẹ̀ yípo kí ó tó jáde. Bí ó ti ń yípo, ó ń fẹ̀, ó ń tutù, ìró rẹ̀ sì ń pa ara wọn. Ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ni ó wọn gígùn àti ihò rẹ̀ kí ó lè bá iṣẹ́ ojoojúmọ́ mu. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú àwọn tí ń lo kẹ̀kẹ́ fún oko, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́, èyí ni kí wọ́n yàn, kí wọ́n má sì wá òmíràn kiri.

Èkejì ni páìpù tí a gé, tàbí èyí tí a fa inú rẹ̀ jáde. A ti sọ tirẹ̀ tán: òun ni ó ń jẹ epo, tí kì í gun òkè, tí ó sì ń di aládùúgbò lọ́tàá ara wọn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí a bá yí páìpù padà tí a kò sì tún kábúrétọ̀ ṣe kí ó bá a mu, epo lè dín nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà. Nínú two-stroke, inú epo náà ni ọ́ìlì wà. Bí epo bá dín, ọ́ìlì dín. Písítìnì a gbóná, a sì lè há mọ́ sílíńdà lójijì lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ni páìpù oníkùn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wọ̀n, tí ó sì fẹ́ eré, lè lò ó. Ṣùgbọ́n kí ó rà èyí tí a ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an, kí ó sì tún kábúrétọ̀ ṣe bí ó ti yẹ. Kí ó má sì fi ẹnu ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba: sàláńsà kékeré tí a ki òwú tí iná kì í jó sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí a sì máa pààrọ̀ òwú náà nígbà tí ọ́ìlì bá ti rin ín gbingbin.

Ẹ̀kẹrin ni sàláńsà tí a mú lára ẹ̀rọ mìíràn, tí ajórin sì bá wa so mọ́ kẹ̀kẹ́. Èyí pọ̀ láàárín wa nítorí owó, a kò sì lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí ohun mẹ́rin. Kí ihò ọrùn rẹ̀ má ṣe kéré ju ti sílíńdà lọ, kí èéfín má baà há. Kí a má fi í rọ̀ dirodiro sára ìdè méjì tí ó mú un mọ́ sílíńdà, nítorí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì yóò kán ìdè náà. Kí a fi irin gbè é mọ́ ara kẹ̀kẹ́, kí a sì fi rọ́bà sí àárín wọn. Kí gásíkẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ má ṣe jò, nítorí ariwo àti èéfín a máa gba ibẹ̀ jáde. Kí páìpù má ṣe kan ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wa kẹ̀kẹ́, kí ẹnu rẹ̀ sì kọ sí ẹ̀yìn àti ilẹ̀, kí ó má kọ sójú ẹni tí ń rìn lọ.

Èyíkéyìí tí a bá yàn, a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bu ọ́ìlì sínú bẹntiróòlù bí ẹni bu epo pupa sí ọbẹ̀, pé kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ pé ìdá 25 sí 1, mílílítà 40 ni ọ́ìlì lítà epo kan. Bí ó bá ní 50 sí 1, mílílítà 20 ni. Èyí tí ó bá pọ̀ jù a di èéfín funfun, a sì di èédú líle nínú fèrèsé sílíńdà àti nínú irin oníhò sàláńsà. Nígbà tí ó bá dí, kẹ̀kẹ́ a dẹ́kun àti gòkè, olówó rẹ̀ a wá gbé e wá pé kí a gé e. Kì í ṣe gígé ni ó ń fẹ́, fífọ̀ ni. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni kí a tú u, kí a ha èédú náà kúrò, kí a sì dá a padà sí ipò rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni a gé ohun tí ó yẹ kí a fọ̀. Ẹ dárí jì wá.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ kan kàn yín. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa, ẹ ó rí àpá iná níbẹ̀, nítorí ọ̀tún ni sàláńsà máa ń wà lára púpọ̀ nínú alùpùpù wa. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa gba ọwọ́ òsì gùn ún, kí wọ́n sì máa gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwa yóò máa rí i pé irin ìbòrí sàláńsà wà ní ipò rẹ̀, nítorí àwa náà ni a máa ń tú u dànù. Bí ó bá ti jó ọmọ, ẹ da omi tútù tí ń ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Bí ó bá fẹ̀ tàbí tí ó jinlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù tí a tì, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́ ìbáà ṣe jẹnẹrétọ̀. Nínú èéfín náà ni májèlé kan wà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kò sí sàláńsà tí ń sẹ́ ẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ etí. Àjọ NIOSH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ń ṣèwádìí lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, fi lélẹ̀ pé ariwo tí ó tó 85 decibel kò yẹ kí ó wọ etí òṣìṣẹ́ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bí ó bá fi 3 lé sí i, ìdajì àkókò náà ni: wákàtí 4 fún 88, wákàtí 2 fún 91. Nígbà tí ó bá fi tó 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù. Àwọn irun tíntìntín tí ó wà nínú etí lọ́hùn-ún, tí a fi ń gbọ́rọ̀, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́. Kò sí mẹ́káníìkì etí tí ó lè pààrọ̀ wọn.

A kò ka èyí nínú ìwé nìkan. Ọ̀gá tí ó kọ́ púpọ̀ nínú wa ní iṣẹ́ wà láàárín wa ní gbọ̀ngàn yìí, ó sì fún wa láyè kí a sọ ọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó fi tẹ etí mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù tí a ti gé, tí ó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Lónìí, bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá kúnlẹ̀ kí i ní òwúrọ̀, kì í gbọ́. Ọmọ náà kéré, ó rò pé bàbá àgbà ń bínú sí òun ni. Nígbà tí ìyá ọmọ náà sọ ọ́ fún wa, kò sí ẹni tí ó lè fèsì nínú wa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tí wọn kò tí ì pé ogún ọdún ni ó ń tẹ etí mọ́ ibẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ yín ni wọ́n.

Nítorí náà, Kábíyèsí àti ẹ̀yin ọmọ ìlú, ohun tí a pinnu nìyí. Láti òní lọ, kò sí ẹnì kan nínú wa tí yóò gé sàláńsà mọ́, ìbáà ṣe pé ọba ni ó ran oníkẹ̀kẹ́ wá. Ẹni tí ó bá gé e nínú wa, kí Ẹgbẹ́ bu owó ìtanràn lé e, a kò ní bá a bẹ̀bẹ̀. Gbogbo kẹ̀kẹ́ tí àwa fúnra wa ti gé, kí àwọn olówó wọn gbé wọn wá láàárín oṣù mẹ́ta. Owó irin nìkan ni wọn yóò san, a kò ní gba owó iṣẹ́. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ wa ni yóò sì máa fi ìdí etí sí etí wọn nígbà tí wọ́n bá ń dán ẹ́ńjìnnì wò.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín náà kò pọ̀. Kí Ẹgbẹ́ má ṣe fi òfin de kẹ̀kẹ́. Ariwo ni kí ó fi òfin dè. Ẹni tí ó ń gbé aboyún ní òru kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin wa, bí ẹ bá fẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ ti dé, ẹ di iṣu yín, ẹ gun òkè ọjà láìsọ̀ kalẹ̀ tì í. Gbogbo ọjà ni yóò rí yín, kò sì sí aláìsàn tí ẹ ó jí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága tí ó fún wa ní ọdún kan, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ bínú sí wa, nítorí ìbínú yín ni ó mú wa wádìí ohun tí ó yẹ kí a ti mọ̀ tipẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú, kí ó jẹ́ kí etí wa máa gbọ́ ire.